Ẹgbẹ́ òǹkàwé Alágbàká: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ibẹ̀ dáa o, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, owó ìwọlé ò wọ́n, àmọ́ gbajúmọ̀ tí wọ́n ń pè wá darí ètò ni mi ò gbà. Èyí tó wá kẹ́yìn ò tiẹ̀ kàwé yẹn rárá, tá a bá bi í ní ìbéèrè, ẹ̀yìn ìwé ló ń yọ́ wò, ó wá gbájú mọ́ sẹ́lífì. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń yàn, King Sunny Adé ọmọ Oǹdó ni màá bẹ̀, kó ka Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó kọ ní 1938 fún wa, torí ẹni tó ń fi òwe kọrin á mọ ibi tó yẹ kó ti fa ohùn. Jọ̀ọ́fù wọn ṣá, ẹ tètè dé kó tó tán.