Kí káńsù dá iṣẹ́ ṣe, àbí kí wọ́n pawọ́ pọ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn. Bí káńsù kan bá dá iṣẹ́ ṣe, ìpinnu á yá, ará àdúgbò á sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Àmọ́ odò Ògùnpa kò mọ ààlà: ọ̀rá àti ike tí wọ́n dà sí gọ́tà lápá òkè ló ń dí abẹ́ afárá nísàlẹ̀. Ẹni tó rí omíyalé ọdún 1980, tó gbé ilé àti èèyàn lọ, kò lè gbàgbé.

Nínú ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe, àwọn káńsù lè jọ dá owó katapílà. Ìpàdé rẹ̀ ló ń pẹ́. Bí káńsù kan kò bá sì san tirẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Títì àdúgbò, ọjà kékeré: kí káńsù dá a ṣe. Odò àti ààtàn ńlá: àjùmọ̀ṣe ni mo fara mọ́.