Ilé Ẹyẹ Náà Kò Níṣòro, Àwọn Ará Ilé Ni

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi l'Ábẹ́òkúta ni ilé ẹyẹ náà wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí wẹ́dà gbé e wá. Látìgbà náà, oníbàárà tó bá wá gba aṣọ kì í tètè lọ mọ́, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá sì tíì parí, ẹyẹ ló máa ń bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé èló ni, ṣé ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi sinmi.

Náírà 260,000 ni mo san fún un, tòun ti páànù orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn rẹ̀, 4 ni ìbú rẹ̀, mo sì lè nàró nínú rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Ojú wáyà rẹ̀ kò ju ìlàjì ínṣì lọ. Orí èyí la ti kọ́kọ́ jà. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ ni wẹ́dà fẹ́ lò, ó ní owó á dín. Mo ní, budgie, ẹyẹ kékeré ìdílé ayékòótọ́, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju gíráàmù 40 lọ, tó bá ti orí bọ ojú wáyà adìyẹ tó há síbẹ̀ ńkọ́? Ejò ńkọ́?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ilẹ̀kùn méjì. Ẹ ó ṣí ti àkọ́kọ́, ẹ ó bọ́ sí àyè kékeré kan tí ẹnì kan péré lè dúró sí, ẹ ó tì í lẹ́yìn yín kí ẹ tó ṣí èkejì. Ẹyẹ tó bá yọ́ kọjá lára yín, inú àyè yẹn náà ló máa bá ara rẹ̀. Wẹ́dà ní ṣé báǹkì ni mo fẹ́ ṣí ni. Ó ṣe é ṣá, ó sì ṣe é dáadáa.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí: kò ronú èèrà rárá, èmi ni mo wá agolo mílíìkì, mo rọ ọ́ìlì ẹńjìnnì dúdú sí i, mo sì ki ẹsẹ̀ ilé náà bọ̀ ọ́. Ìkejì ni wáyà tuntun tó ń dán gbinrin yẹn. Síńkì ni wọ́n fi bò ó, àwọn ẹyẹ ìdílé ayékòótọ́ kì í sì í yé fi ẹnu họ nǹkan. Síńkì yẹn á di májèlé sí wọn nínú. Ọjọ́ méjì gbáko ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi fínígà àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹyẹ. Budgie mẹ́fà, cockatiel méjì, lovebird méjì, ìdílé ayékòótọ́ ni gbogbo wọn, ọwọ́ ọ̀gá kan tó ń ta ẹyẹ ni mo ti rà wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í pé ṣé wọ́n á lè jọ gbé. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹyẹ ni gbogbo wọn? Ẹ kó wọn pọ̀, wọ́n á mọwọ́ ara wọn." Ó ka owó rẹ̀, ó fi sápò.

Cockatiel ló tóbi jù nínú wọn. Ìyẹ́ orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi osùn tọ́ ọ. Mo rò pé òun ni yóò máa jẹgàba. Irọ́ ni o, oníwà tútù ni. Lovebird, tó jẹ́ bí ìdajì rẹ̀, ni ọ̀gá. Ìfẹ́ tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ yẹn, àárín àwọn méjèèjì ló mọ, kò kan ará ìta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, àárọ̀ Sátidé, mo ń gé léèsì ẹnì kan lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè rí ẹ̀jẹ̀ lórí bébà tí mo tẹ́ sísàlẹ̀. Ó kán tótó, tótó, láti abẹ́ igi kan tí wọ́n ń bà lé dé abẹ́ èkejì. Abo cockatiel ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Mo mú un, mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò: ọmọ-ìka kan ti kúrú, èékánná àti oríkèé àkọ́kọ́ ti lọ. Lovebird wà lórí àpótí ìtẹ́, ó ń nu ẹnu mọ́ igi. Mo fi kọ́ọ̀nfíláwà tẹ ojú ọgbẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

Mo pe ọ̀gá ẹlẹ́yẹ. Ó ní bóyá ebi ló ń pa wọ́n. Ebi! Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta jéró báyìí, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ẹ̀bi tèmi náà ò kéré ṣá. Èmi ni mo gbé àpótí ìtẹ́ kọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ bí lovebird bá ti rí ihò tó lè yé sí, gbogbo ilé ti di tirẹ̀ nìyẹn. Abọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ni mo sì gbé kalẹ̀ fún ẹyẹ mẹ́wàá. Báyìí abọ́ mẹ́rin ni, lójú ibi mẹ́rin.

Wẹ́dà padà wá, ó gba 35,000, ó dá ilé náà sí méjì: ẹsẹ̀ bàtà 5 fún cockatiel àti budgie, 3 fún lovebird. Wáyà ẹyọ kan ló kọ́kọ́ fi ṣe ìgànná àárín, mo ní kó tú u. Ẹyẹ tó bá rọ̀ mọ́ ọn, lovebird á gé e lẹ́sẹ̀ jẹ láti òdìkejì. Ìpele méjì ló padà fi ṣe é, àlàfo ìka mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Ó kùn lọ sílé.

Cockatiel àti budgie ti ń gbé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọsirélíà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì mọ bí à á ti gbé lágbo. Irú lovebird tèmi, tí ojú rẹ̀ pọ́n, apá Nàmíbíà àti Àǹgólà ló ti wá. Ó dùn mí pé ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni jàǹdùkú. Budgie náà kì í ṣe áńgẹ́lì o, wọ́n máa ń fa cockatiel nírù, ṣùgbọ́n ìyẹn ò mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ìdààmú tó kù ò ju alẹ́ tí NEPA bá mú iná lójijì: cockatiel á ta gìrì, á máa fi ara gbá wáyà nínú òkùnkùn. Iná kékeré onísólà kan ni mo fi kọ́ wọn lójú.

Oníbàárà mi kan ní kí n fi odídẹrẹ́ kan kún un, kí ilé lè pé. Yàtọ̀ sí pé ẹnu odídẹrẹ́ lè fọ́ budgie lórí, láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ka òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, torí wọ́n ti fẹ́ẹ̀ kó wọn tán. Mo ní kó máa rọra gba aṣọ rẹ̀.

Wẹ́dà yẹn ni màá tún pè tí mo bá fẹ́ ṣe òmíràn. Ọ̀gá ẹlẹ́yẹ, rárá. Abo cockatiel náà ṣì máa ń tiro lórí igi tó bá tín-ín-rín, nítorí náà mo ti gé ẹ̀ka gúáfà tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi, ibẹ̀ ló sì máa ń sùn.