Ibi tí mo mú àbúrò mi lọ l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà tí ò lè dìde lórí ẹní mọ́

Ẹ má bínú o, mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí mo ní ẹjọ́ méjì láti rò nípa wọn, mi ò sì wá síbí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tó bá jẹ́ ti obìnrin psychologue (ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn) tó wà níbẹ̀ nìkan ni, mẹ́fà ni mi ò bá fún un.

Àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 22, yunifásítì Abomey-Calavi ló ń lọ. Ó wálé pé òun wá lo ìsinmi, ìsinmi parí, kò padà. A rò pé ọ̀lẹ ni. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Á sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí, tó bá jí kò ní wẹ̀, àkàsà tí mọ́mì gbé kalẹ̀ fún un láàárọ̀ lẹ máa bá níbẹ̀ lálẹ́, ewé rẹ̀ ò tíì tú. Fóònù rẹ̀ tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kú sábẹ́ ìrọ̀rí fọ́jọ́ mẹ́rin, kò ṣáájì í. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti fura, àmọ́ mo ní aṣọ ẹbí méjìdínlọ́gbọ̀n láti rán, mo kàn ń kùn ni.

Mọ́mì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, wọ́n kọ hàǹtú fún un, ó mu ún. Àǹtí wa tó ń lọ Sẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n mú un wá fún àdúrà ọjọ́ mẹ́ta (ẹ ṣáà mọ̀ pé Àjàṣẹ́ níbí ni Oschoffa ti dá Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947, kò sí àdúgbò tẹ́ ẹ ti máa wá aláṣọ funfun tì). Ó lọ, ó padà dé, ó tún dùbúlẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àdúrà láìdáa o, àdúrà ṣì ń lọ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ń ránṣọ, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó máa ń wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́."

Ẹsẹ̀ mi kú lórí pẹdáàlì. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, ó dákẹ́, ó dìde, ó ń lọ. Mo wá rí i pé mo ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo jókòó lórí ẹní rẹ̀, mo ní kó máa bá mi sọ ọ́ lọ, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀.

Nígbà tí mo ní ká lọ rí dókítà ló bínú. "Ṣé ẹ fẹ́ gbé mi lọ Jacquot ni? Ṣé wèrè ni mí?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀, Jacquot ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba ní Kútọnù, àmọ́ ládùúgbò tiwa èébú ni wọ́n fi ń ṣe, kódà àwọn ọmọdé, tí wọ́n bá ń jà, á ní wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ lọ Jacquot. Aládùúgbò wa kan dárúkọ ibùdó Saint-Camille tó wà l'Avrankou, tí Grégoire Ahongbonon dá sílẹ̀, ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe ní Bouaké ní Côte d'Ivoire kó tó di pé ó ń tú àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ so mọ́gi sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Àbúrò mi ní tóun bá fi lè débẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú gbogbo Àjàṣẹ́ á ti gbọ́ pé orí òun ti dàrú.

Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn bá a dúnàádúrà ni, bí mo ṣe ń ṣe pẹ̀lú àwọn oníbàárà mi. Mo ní, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó o bá débẹ̀ tí ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn a ò ní padà, èmi ni mo máa sanwó, èmi ni mo máa jókòó níta dè ọ́, mi ò sì ní sọ fún mọ́mì títí ìwọ fúnra ẹ á fi sọ. Kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ wí?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ tó ń ṣe báyìí nílé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ibì kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ̀ẹ̀kan péré" yẹn. Èmi ti pè wọ́n lórí fóònù tẹ́lẹ̀, mo ti mọ ọjọ́ àti owó, torí ẹni tára ẹ̀ ti rẹ̀ báyẹn, tẹ́ ẹ bá gbé e débẹ̀ tí wọ́n ní ẹ padà wá lọ́la, ọ̀la yẹn ò ní sí mọ́.

Ó yá, ọjọ́ pé. A gun zém (ọ̀kadà), aago méje ààbọ̀ a ti débẹ̀. Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn gbogboògbò ni, ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára la jókòó kọjú sí, ọmọ ń ké lọ́tùn-ún, ọmọ ń ké lósì, ẹni tó bá rí yín níbẹ̀ ibà ló máa rò. Kò sí pátákó tó ń pariwo àrùn ọpọlọ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi kíyè sí i, mo rí i tó mí kanlẹ̀.

Ẹjọ́ mi àkọ́kọ́ rè é. Nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gbowó, obìnrin tó wà níbẹ̀ fi èdè Gùn bi í tohùntohùn, níwájú gbogbo èèyàn, pé kí ló ń ṣe é. Ọmọkùnrin náà kàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún bi í. Ó yí padà, ó ti ń lọ sẹ́nu géètì, èmi ni mo sáré sọ pé orí ló ń fọ́ ọ, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo padà lọ bá obìnrin náà lẹ́yìn, mo ní màmá, ẹ má bínú, irú èyí ò dáa. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ fóun. Ó dáa náà. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá wá sínú bébà kékeré kan, ẹ tì í sí i lábẹ́ fèrèsé. Káńẹ́ẹ̀ (ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí) 500 CFA, àyẹ̀wò 3,000 CFA. Wákàtí mẹ́ta la fi dúró, bẹ́ǹṣì ò ní ìfẹ̀yìntì.

Dókítà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara tó ń jẹ́ thyroid tó wà lọ́fun lè mú kí èèyàn máa sùn káàkiri kí nǹkan má wù ú ṣe. Ìyẹn wú mi lórí, kò kàn fojú wò ó. Ẹ̀jẹ̀ dáa. Ó wá bi í bó ṣe pẹ́ tó, torí wọ́n ní tí inú bíbàjẹ́ àti àìlè gbádùn nǹkan kan bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lójoojúmọ́, tí oorun àti oúnjẹ sì ti yí padà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ó máa lọ". Tiwa ti lé lóṣù mẹ́rin! Ó kọ dépression sínú káńẹ́ẹ̀. Mo rí i táwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní ìsoríkọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ò gbọ́ ọ l'Àjàṣẹ́ rí, tiwa kò ju "ó ń ronú jù" lọ, bí ẹni pé ìrònú náà ló yàn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọlé sọ́dọ̀ psychologue. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: psychologue kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ ló ń bá yín sọ, ó sì ní bó ṣe kọ́ṣẹ́ ẹ̀, psychiatre ni dókítà tó lè kọ oògùn, tiwọn ń ti Kútọnù wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ (àbúrò mi ló bẹ̀ mí, kì í ṣe obìnrin náà). Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó ń ka gbogbo ẹ̀ jáde bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ níwájú tíṣà, oorun, oúnjẹ, ìdánwò. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó wá fi Yorùbá Kétu bi í pé, "Inú rẹ ńkọ́?" Haa. Ọmọkùnrin náà ya ẹnu, kò lè sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà." Ìgbà yẹn lomi wá jáde lójú ẹ̀, láti oṣù mẹ́rin tó ti wà nílé mi ò rí i kó sunkún. Kétu ni wọ́n ti bí obìnrin náà, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ béèrè èdè kẹ́ ẹ tó lọ o, torí ẹni tó kàwé ní Faransé lè má fi Faransé banú jẹ́.

Níṣojú mi ló bi í gbangba pé, ṣé o máa ń rò ó láti pa ara rẹ? Àyà mi já, mo rò pé ó fẹ́ fi kọ́ ọ ni. Ó ní rárá, bíbéèrè kì í gbìn ín síni lọ́kàn, pé ara sábà máa ń fúyẹ́ fẹ́ni tó bá rí ẹni bi í. Ó béèrè bó ṣe máa ń rò ó, ó wá ní kí n kó oògùn apakòkòrò àti oògùn èyíkéyìí tó bá pọ̀ nílé kúrò nílẹ̀, kí n tì í pa, kó jẹ́ pé èmi ni màá máa fún un ní tiẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní tó bá lọ di ọjọ́ kan tó ní òun máa ṣe é lónìí, ká má dúró de ọjọ́ àdéhùn, ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ká gbé e lọ tààrà sí urgences (ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì) lọ́sibítù ńlá. Lẹ́yìn náà ó lé mi jáde.

Ogójì ìṣẹ́jú ló lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ìwé ìkọ̀wé kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ CI (kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) máa ń lò. Iṣẹ́ tó fún un ni pé kó máa kọ nǹkan kan péré tó ṣe lójúmọ́ síbẹ̀, bó ti wù kó kéré, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó ṣe é àti lẹ́yìn tó ṣe é tán. Mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kan (mo mọ̀ pé kò yẹ). Ojú ewé àkọ́kọ́: "Mo fọ eyín." Kò ju ìyẹn lọ.

Ẹjọ́ kejì: oògùn. Psychiatre kọ ọ́, a rà á, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ èébì ń gbé e, orí ń fọ́ ọ, inú ẹ̀ ò sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní òun ò lò ó mọ́. Mo pe psychologue, òun ló wá sọ fún wa pé wàhálà ara ló máa ń kọ́kọ́ dé, pé ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, pé ká fojú sí i dáadáa láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ìrònú burúkú bá le sí i ká pe òun kíá, ká má sì dá a dúró fúnra wa láìsọ fún dókítà. Kódà tára bá ti yá tán, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ló ṣì máa lò ó. Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ oògùn? Èèyàn mélòó ló ti dà á nù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún.

Owó ńkọ́? Ká má purọ́, ó wọ́n fún aránṣọ. Ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́ẹ̀kan 5,000 CFA, ọ̀sẹ̀ méjìméjì, oògùn lọ́tọ̀. Nígbà tí mo sọ pé owó ò sí lóṣù kejì, obìnrin náà ní ká máa san án díẹ̀díẹ̀ lórí MoMo (owó orí fóònù). Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ibi tá a dé báyìí: oṣù mẹ́ta ti lọ. Kò tíì padà sílé ìwé, mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ẹ̀ ti tán, àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tó ṣì máa kọjú sógiri. Àmọ́ ó ń wẹ̀. Ó ń jẹ àkàsà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bẹ́líìtì máṣíìnì mi já, mo dé láti ọjà Ouando mo bá a tó ti fi ọ̀rá rán an pọ̀, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Mọ́mì náà ti mọ̀, àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló sọ fún un, mọ́mì ní ṣé oògùn náà ò ní dí hàǹtú lọ́wọ́ ṣá, a ní kò ní dí i lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la tún máa lọ. Ó ní kí n má tẹ̀ lé òun mọ́, pé òun mọ̀nà. Mo ti gbà. Oníwáàkì (ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀) kan wà níwájú géètì wọn, ibẹ̀ ni màá ti jẹun lọ́jọ́ náà, wáàkì ẹ̀ dùn gan-an, ìràwọ̀ márùn-ún.