Wọ́n tọ́jú ìrù ajá mi dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nídìí káńtà

"A kì í gé ìrù ajá ṣe fáàrí níbí, sà."

Mi ò tíì jókòó nílé ìwòsàn ẹranko yẹn tí ọmọbìnrin ìdí káńtà fi sọ bẹ́ẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì tí mo fi wé ìrù Tanímọ̀la, ajá mi, ti rin fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń kán tó, tó, tó sórí táìlì wọn. Kò wolẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ló tẹjú mọ́. Ó ti bi mí pé irú ajá wo ni, mo ní Boxer. Ó bi mí pé kí la wá ṣe, mo ní ìrù rẹ̀ ni, pé ó jọ pé ẹ máa gé e. Ó tán. Lójú tiẹ̀, ẹni tó ní Boxer tó ń dárúkọ gígé ìrù, ẹwà ló ń wá kiri.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ilẹ̀."

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ìlànà wa ni." Ó nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi bí ẹni pé mi ò mọ̀wé.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé kò sí ohun tó wà nínú ìwé yẹn tí mi ò fara mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í gé ìrù ọmọ ajá ni mo ti dìídì ra Tanímọ̀la. Àwọn tó ń gé e, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń gbé síwájú àlùmọ́gàjí tàbí rọ́bà tí wọ́n á fún mọ́ ọn nírù, ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí oògùn ìrora kankan, kí Boxer, Doberman tàbí Rottweiler ṣáà lè rí bí èyí tó wà nínú fọ́tò. Nọ́wè ti fòfin dè é láti 1987. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales dè é ní 2007, wọ́n kàn yọ àwọn ajá iṣẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa ń ní kí ajá má fi ìrù ṣèṣe ni, àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2010 fi hàn pé ó tó 500 ajá tí wọ́n máa gé nírù kí ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ ìrù. Ẹyọ kan yẹn ló wà lẹ́sẹ̀ mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí o.

Ìdùnnú ló fà á. Bí Tanímọ̀la bá ti rí ènìyàn, á máa na ìrù mọ́ ògiri, mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Awọ orí ìrù fẹ́lẹ́, ẹran ò sí níbẹ̀, bó bá ti bẹ́, kì í tètè jinná, nítorí kò ní yéé nà án mọ́ nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ti ta dé òkè àjà nílé mi.

Dókítà ló gbọ́ ohùn mi tó fi jáde. Obìnrin náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kúnlẹ̀ sórí ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó tú táwẹ́ẹ̀lì, ó gbóòórùn ọgbẹ́ náà, ó sì ń fi ìka tẹ ìrù láti ìdí lọ sí orí. Níbi tó ti dúdú, ajá ò mira. Wọ́n ya X-ray. Ó ṣàlàyé pé ìrù kò yàtọ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn tó gùn jáde, nítorí náà àárín oríkèé méjì lòun máa gbà gé e, lókè ibi tó ti bàjẹ́, kí awọ tó ṣẹ́ kù lè bo eegun láìfà. Mo ní kó dín in kù díẹ̀ péré. Ó ní rárá, pé bó bá gùn tó láti kan ògiri, a máa padà wá gé e lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kun ún lóorun pátápátá, wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí ìrù kó má bàa jí sínú ìrora. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé ó ti jẹun.

Ọgbẹ́ náà jinná, ojú ibi tí wọ́n rán ò tú. Ìdí rẹ̀ lódindi ló ń jù báyìí bó bá rí mi, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi ti ń rọ̀ kí n tó wo rìsíìtì. "Gígé ìrù fún ẹwà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn kan náà ni. Mo ní kó tún un kọ, ó ní kọ̀ǹpútà ò ní àyè mìíràn fún ìrù. Mo dúró, àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn mi, mo ṣì dúró, títí dókítà fi wá fa ìlà sí i, tó fi bírò kọ "ọgbẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú. Mo délé, àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọlé: "Ǹjẹ́ ìrísí tuntun ajá yín tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí ìrù ajá yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, mi ò mọ ọwọ́ tó dára ju ti dókítà yẹn lọ. Kí ẹ tó dé ìdí káńtà, ẹ tú ohun tí ẹ fi wé e kúrò.