Ṣọ́ọ̀bù tó bá wa yí orúkọ padà n'Íbàdàn: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí léèrè ibi tá a ti lọ yí orúkọ àbúrò ọkọ mi padà, ó dáa, ẹ wá gbọ́. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo máa rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n apá Ring Road ló wà, lára àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n kọ "Affidavit, NIN, Change of Name" gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù. Màmá àgbà kan ló ni ín, Màmá Kọ́ọ̀tù ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n.

Orúkọ tó wà lórí gbogbo ìwé àbúrò ọkọ mi ni Àkísàátán. Kì í ṣe ìnagijẹ o, orúkọ tí wọ́n fi í ṣe ní ilé-ìwé nìyẹn, òun ló wà lórí WAEC, òun ló wà ní báǹkì, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ ohun tójú ọmọ tó ń jẹ́ Àkísàátán máa rí ní JSS 1. Èmi ò tiẹ̀ lè pè é, ìyàwó ilé ni mí, Akọ̀wé ni mò ń pè é látọjọ́ tí mo ti wọlé (títẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ níbí, mi ò pè é, ẹ má lọ fẹjọ́ mi sùn). Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà bi mí pé "Àǹtí, orúkọ wo lẹ fẹ́ yí?", mo ní Akọ̀wé ni, ó ní "ṣé Akọ̀wé lẹ fẹ́ yọ?", mo ní rárá, Akọ̀wé ló ni orúkọ, kì í ṣe òun lorúkọ, mo bá kúkú nawọ́ sí ìwé ìbí ẹ̀. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an ò le. Wọ́n á tẹ ìwé ìbúra fún ẹ, wọ́n á mú ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù, wàá búra, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sínú ìwé ìròyìn pé èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀, báyìí ni kẹ́ ẹ máa pè mí látòní lọ, gbogbo ìwé mi àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀. Bébà yẹn àti ìwé ìbúra lo máa gbé lọ tún NIN ṣe, ibẹ̀ lo ti máa wá gba báǹkì àti pásípọ́ọ̀tù lọ. Owó ìjọba fún àtúnṣe orúkọ lórí NIN ò tiẹ̀ wọ́n, 2,000 náírà ni wọ́n gbé e sí lọ́dún 2025, ọjọ́ ìbí lẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ìyẹn 28,574 náírà. Iye tí Màmá Kọ́ọ̀tù lẹ̀ mọ́ ògiri náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹni tó bá ti bá àwọn èèyàn ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tù ṣòwò rí á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ìràwọ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n máa kọ gbogbo èyí ni pé màmá yẹn kì í kàn gbowó kó tẹ̀wé. Akọ̀wé ti kọ orúkọ tuntun tó fẹ́ sórí bébà, Royalty Prince. Màmá gbé awò ojú wọn sókè, wọ́n wo bébà, wọ́n wo ojú ẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ ẹ́ ní Àkísàátán?"

"Màámi ni, mà."

"Ṣé wọ́n ń bẹ láyé?"

"Wọ́n ń bẹ, mà."

"Pè wọ́n kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

Bó ṣe gbé ìyá ọkọ mi sórí sípíkà nìyẹn, lójú gbogbo èèyàn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ní àwọn tó wá ṣáájú ẹ̀ ò dúró, bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń lọ, gbogbo àkísà tó wà nílé ni wọ́n ti fi wé wọn tán, nígbà tí Akọ̀wé wá dé, bàbá ẹ̀ gbé e lọ́wọ́, ó ní ìwọ yìí, tó o bá tún fẹ́ lọ, kò sí àkísà tá a máa fi sin ẹ́ mọ́ o, jókòó. Ló bá jókòó. Ìyá wá ní, "Ẹ bá a yí i, mà, mi ò bínú, mo mọ̀ pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kó má yọ ọ́ tán. Kó fi sẹ́yìn." Ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Akọ̀wé ò sọ nǹkan kan, ó ṣáà ń fa etí bébà tó kọ Royalty sí ya díẹ̀díẹ̀.

Ayọ̀délé la padà fi síwájú, Àkísàátán wà láàárín. Mo rò pé ó ṣe ohun tó tọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó ru orúkọ yẹn síwájú títí láé kó lọ fi tiẹ̀ kọ lẹ́tà wáṣẹ́ wò.

Àbí kí lẹ rò pé ó fa orúkọ àbíkú? Àwọn àgbà ò kórìíra ọmọ. Nígbà yẹn, ta ló mọ̀ pé ẹlẹ́jẹ̀ AS àti ẹlẹ́jẹ̀ AS ò yẹ kí wọ́n fẹ́ra, ta ló mọ̀ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn? Orúkọ ni wọ́n ní lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi jà. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó, gbogbo ẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni, àwọn míì wá jẹ́ èébú kí ikú lè rí ọmọ náà kó kórìíra ẹ̀. Kòsọ́kọ́ ṣáà jọba l'Ékòó láti 1845 títí Òyìnbó fi lé e lórí oyè ní 1851, kò sẹ́ni tó ní kó lọ yí orúkọ ẹ̀ kó tó gorí ìtẹ́. Kashimawo tó wà láàárín orúkọ MKO Abíọ́lá náà ńkọ́, wọ́n ní ọmọ kẹtàlélógún bàbá ẹ̀ ni, òun lẹni àkọ́kọ́ tó dúró. A tiẹ̀ ń sọ ọmọ ní Ajá nílẹ̀ yìí, ọlọ́pàá ò mú ẹnikẹ́ni, ìgbà tí ọkùnrin kan l'Ógùn wá sọ ajá ní Buhari lọ́dún 2016 ni wọ́n gbé e. Orílẹ̀-èdè yìí dùn o jàre.

Tèmi o, orúkọ ayé òde òní ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ tó ń jẹ́ Perfect tó gbé ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n wálé, kí lo fẹ́ sọ fún un?

Àwọn kọ́sítọ́mà míì tá a bá níbẹ̀ náà, eré ni. Ìyá kan fẹ́ kí Fágbèmí di Jésùgbèmí, Màmá bi í bóyá ọmọ náà gbà, ó ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, kò tíì sọ fún un. Wọ́n lé e lọ ilé, wọ́n ní kó lọ mú onítọ̀hún wá, torí ẹni tó lórúkọ ló ń búra. Ọ̀gbẹ́ni kan tún wà tó ń gbé ní Manchester, Shittu lorúkọ bàbá ẹ̀, orúkọ tó níyì nílé kéú, ṣùgbọ́n kó ṣáà ti fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà á rí "shit" nínú ẹ̀, á ní ó ń bú èèyàn. Òun ò fẹ́ yọ ọ́ o, orúkọ kan tó máa fi síwájú ẹ̀ ló wá wá. Ó ní àwọn ọmọ òun ni kò lè fara dà á ní ilé-ìwé. Mo káàánú ẹ̀, torí lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìyá kankan láti pè lórí fóònù, orúkọ ò ṣe nǹkan kan, etí àwọn ẹlòmíì ni.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, "Akinsatan" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ dípò "Akisatan". Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Akin ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Bí a bá gbé e bẹ́ẹ̀ dé ibi NIN, wọ́n á ní kì í ṣe ẹni yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ló fi lẹ́tà kan kún un, kì í ṣe àwọn oníwèé ìròyìn, mo rí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù. Wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n tún un gbé jáde lówó ara wọn, ṣùgbọ́n ó fi wá sílẹ̀ ní dídúró, Akọ̀wé sì ń retí iṣẹ́ kan. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ nìyẹn. Ẹ bá wọn ka gbogbo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ sẹ́ńdì, ẹ má wo ti pé wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Àga ìjókòó ò tó, jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo bí ọ̀dá epo ò bá sí, ẹ mú omi dání. Ẹ sì ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù yín wá láti ilé, torí ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tiẹ̀ wọ́n, ó sì máa ń fi páúdà kun ojú èèyàn lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi rí fọ́tò Akọ̀wé, ó bi mí pé ta nìyí.