Kúláǹtì pínǹkì Toyota: owó mi kò ṣègbé

Ẹni tó bá ń wa Corolla 2008 bíi tèmi n'Íbàdàn á ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì nípa kúláǹtì, èyí tí à ń dà sí rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù: "Kúláǹtì kẹ̀? Àwọn òyìnbó tí òtútù ń pa ló ń lò ó. Ẹ bu omi sí i, ó parí." Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Toyota Super Long Life Coolant, èyí tó pínǹkì, ni mo ń lò báyìí.

Wọ́n ti pò ó mọ́ omi wá láti iléeṣẹ́, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi, nítorí náà ẹ má tún bomi là á. Omi lásán ń hó ní 100°C. Èyí á kọjá 120°C kó tó hó, bí ìdérí rédíétọ̀ bá ṣì dára. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iwo Road lọ́sàn-án gangan, tí AC ń ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ yẹn tóbi. Kì í sì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà bí omi kànga ṣe ń mú un dípẹtà.

Àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Láàárọ̀, kí n tó ṣíná sí mọ́tò, bí mo bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, mo ti ń rí i nínú ike tí kúláǹtì ń wà bóyá ó wà láàárín F (ó kún) àti L (ó ti lọ sílẹ̀). Inú ike yẹn náà ni mo ń dà á sí, kì í kọjá F. Ní ti ìdérí rédíétọ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣí i lójú mi nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, àkísà tí wọ́n ń fi bò ó kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ omi tó ń hó.

Ìgbà kan ó ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbẹ táútáú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọ́tà pọ́ńpù, ẹ̀rọ tó ń ti kúláǹtì yí ẹ́ńjìnnì ká, àlòkù tí wọ́n bá mi rà: èépá pínǹkì ti gbẹ mọ́ ọn lára bí iyọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jò. Ká ní omi lásán ni, á ti gbẹ dànù láìjẹ́ kí n rí nǹkan kan. Kúláǹtì kò lè dí ojú ihò o, pọ́ńpù ni mo pààrọ̀.

Ó wọ́n ju àwọn aláwọ̀ ewé tí kò lórúkọ lọ, ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà, omi tí wọ́n pa láró lásán. Ẹ yẹ ìdè ẹnu rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Toyota ní ó lè lo 160,000 kìlómítà nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 80,000, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà nínú rédíétọ̀ tòkúnbọ̀? Ẹ fọ̀ ọ́ ná. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé àti ajá, ó ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kó ra gálọ́ọ̀nù méjì. Corolla yìí ń gbà ju lítà 6 lọ, gálọ́ọ̀nù kan kò sì pé lítà 4.