Íńjìsì abẹ́nú fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tín-ín-rín: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín bá nípọn tó 18 mm, íńjìsì oníkọ́ọ̀pù ńlá (kọ́ọ̀pù ni apá rẹ̀ tó rí bí ife, tó ń wọ inú ihò tí wọ́n lu sẹ́yìn ilẹ̀kùn) tó kún ìsọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ káfíńtà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi pláíwúùdù 12 mm ṣe ilẹ̀kùn, tàbí MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀) tí kò ju 16 mm lọ, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: oníkọ́ọ̀pù ńlá tí ìbú kọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ 35 mm, oníkọ́ọ̀pù 26 mm, àti èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ilẹ̀kùn tín-ín-rín.

Ìjìnlẹ̀ ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ló gbowó lọ́wọ́ mi. Kọ́ọ̀pù 35 mm ń fẹ́ ihò tó jìn tó nǹkan bíi 12 mm. Ẹ yọ ìyẹn nínú pákó 12 mm, kí ló kù? Káfíńtà tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi dá ihò náà dúró ní 10 mm kó má baà lu já. Kọ́ọ̀pù yọrí síta, ilẹ̀kùn kò pa dé dáadáa, awẹ́ pákó tó kù níwájú kò sì nípọn ju páálí lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú ilẹ̀kùn là yíká-yíká, gẹ́lẹ́ ibi tí kọ́ọ̀pù wà lẹ́yìn. Skúrúù bẹ̀rẹ̀ sí í tú, mo sì san owó ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tún wo ẹnu bíìtì tí wọ́n fi ń lu ihò yìí: ṣóńṣó àárín rẹ̀ máa ń ṣáájú ìyókù wọ inú pákó, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ síwájú ilẹ̀kùn. Pláíwúùdù tí wọ́n pè ní 12 mm lè má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Àwọn káfíńtà kan á ní kí ẹ lẹ pákó kékeré mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kó lè nípọn. Kì í sábà ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn bá bo etí àpótí. Ihò kọ́ọ̀pù kì í jìnnà sí etí ilẹ̀kùn ju 3 sí 6 mm lọ, nítorí náà pákó tí ẹ lẹ̀ yẹn á kọlu etí àpótí, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ díẹ̀. Àfi kí ẹ lẹ pákó yí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ká.

Oníkọ́ọ̀pù 26 mm ń fẹ́ ihò tó tó nǹkan bíi 10 mm. Lórí pákó 15 tàbí 16 mm, ó dára, ó sì rọrùn láti rí. Lórí 12 mm, ọ̀rọ̀ awẹ́ tín-ín-rín yẹn náà ni. Kò lè gbé ẹrù tó ti ńlá, nítorí náà ẹ fi ọ̀kan kún un bí ilẹ̀kùn bá ga.

Ẹ̀kẹta ni mo ń lò báyìí. Blum ti orílẹ̀-èdè Austria ní irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní EXPANDO T: ihò 6 mm péré ló ń fẹ́, ilẹ̀kùn tó nípọn tó 8 mm sì lè gbé e. Bí ẹ bá ń yí skúrúù rẹ̀, ohun tó wà nínú ihò náà á máa fẹ̀, á sì di pákó mú láti inú. Ó wọ́n, ó sì lè jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó lẹ ó ti rà á.

Àtiṣí ilẹ̀kùn gbayawu: kò sí èyí tó burú nínú wọn. Títì jẹ́jẹ́ láìpariwo: ẹ béèrè, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Ẹni tí owó há fún, tí pákó rẹ̀ sì tó 16 mm, kó mú 26 mm, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá ti lo 12 mm, ẹ̀kẹta nìkan ni mo lè fi ọkàn tán. Ẹ kọ́kọ́ lu àjákù pákó kan náà wò, kí ẹ sì jẹ́ kí káfíńtà lo skúrúù tó bá a wá látinú páálí. Skúrúù 16 mm tó máa ń wà nínú àpò wọn á yọjú níwájú ilẹ̀kùn 12 mm.